Crash tó fẹ́lẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì: àwọn tí mo rà ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin onílù, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lu jáàsì, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù, ní ṣọ́ọ̀ṣì n'Ífẹ̀ níbí, ní Modákẹ́kẹ́, títí dé Iléṣà lọ́hùn-ún, tí wọ́n bá ti gbé owó crash, símbálì tó máa ń dún ṣàà yẹn, lé yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ rà. Kó jẹ́ ojúlówó idẹ, èyí tí wọ́n fi bàbà àti tánganran ṣe, kó fẹ́lẹ́, tó bá sì jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kéré létí yín, ẹ lọ mú èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, ẹ má lọ mú èyí tó nípọn jù ú lọ. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, torí gbogbo ìgbà tí ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ ra símbálì, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí wọ́n rán ni pé kó ra èyí tó lágbára, èyí tí kò ní tètè fọ́, onítọ̀hún á wá gbé irin wúwo kan wálé, gbogbo ìjọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ di etí lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.

Méjì ni mo rà. “A Zildjian Thin Crash” ni méjèèjì, ìyẹn crash tó fẹ́lẹ́ nínú irú A tí ilé iṣẹ́ Zildjian ń ṣe, ọ̀kan fẹ̀ tó 16 íǹṣì, èkejì jẹ́ 18. Tòkúnbọ̀ ni wọ́n. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà wọ́n wà ní Lágéré, mi ò ní dárúkọ wọn torí mi ò tíì gbàyè lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta gìtá àti sípíkà lójú títì yẹn á ti mọ̀. Nǹkan tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn ni pé ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù gbà kí n gbé símbálì sórí sítáǹdì kí n lù ú bó ṣe wù mí, kò kánjú, kò máa wo aago, ó tiẹ̀ bá mi gbé hi-hat kan (símbálì méjì tí à ń fi ẹsẹ̀ pa pọ̀) wá kí n lè gbọ́ wọn pọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ lù ú dáadáa o, ẹni tí kò bá lu símbálì kó tó sanwó, orúkọ ara irin ló rà." Ibi púpọ̀ ni mo ti dé tí wọ́n á ní kí n má fọwọ́ kàn án, tí wọ́n á fi èékánná ta á lẹ́ẹ̀kan, tíìn, wọ́n á ní ṣé mo gbọ́ bó ṣe ń dún. Kí ni èèyàn fẹ́ gbọ́ nínú ìyẹn?

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń dún ná. Èyí tó jẹ́ 16 yẹn, bí sítíìkì bá ṣe kàn án báyìí ni ohùn rẹ̀ ti tú jáde. Ẹ ò ní láti gbọ́wọ́ sókè kẹ́ ẹ tó lù ú, ọwọ́ jẹ́jẹ́ tí à ń lò nígbà tí kọ́yà bá ń kọrin ìjọsìn lọ́wọ́ ti tó o, á ṣe ṣàà lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ti rọlẹ̀ kí olórin tó bọ́ sí ìlà tó kàn. Ìdí rẹ̀ ò le. Irin tó fẹ́lẹ́ ò nílò agbára púpọ̀ kó tó gbọ̀n, gbogbo ara rẹ̀ pátá ló máa gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe tètè dìde náà ló ṣe máa tètè sùn. Èyí tó nípọn ńkọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi agbára jí i, tó bá sì ti jí tán kò ní sùn bọ̀rọ̀, á máa han lọ, á máa han lọ, orin á ti kọjá lọ síbòmíì. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fiyè sí: tí símbálì méjì bá fẹ̀ dọ́gba, tí ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe wọ́n sì jọra, èyí tó fẹ́lẹ́ ni ohùn rẹ̀ máa wálẹ̀, èyí tó nípọn ni tiẹ̀ máa ròkè. Ohùn tó ròkè yẹn gan-an ló ń gún àwọn ìyá wa tó jókòó níwájú létí. Ẹ sì mọ bí ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wa ṣe rí, ògiri búlọ́ọ̀kù gbágbá, táìlì nílẹ̀, páànù lókè, gíláàsì lójú fèrèsé, kò sí kápẹ́ẹ̀tì, kò sí kọ́tìnnì ńlá kankan tó máa gba ariwo mọ́ra. Ariwo tẹ́ ẹ bá pa síbẹ̀ á máa ti ara ògiri kan bọ́ sí ara èkejì ni. Tẹ́ ẹ bá wá gbé crash tí wọ́n ṣe fún orin rọ́ọ̀kì sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kódà kí onílù jẹ́ ọ̀gá. Mo ti rí onílù tó mọṣẹ́ gan-an tí wọ́n ń bá wí lójoojúmọ́ pé ó ń pariwo jù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ò le, irin tí wọ́n rà fún un ló le.

Ibi tọ́rọ̀ yìí ti wá ká mi lára jù nìyí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, gángan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jáàsì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá. Gángan kì í kàn ṣe ìlù lásán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Onígángan á fi ki Olúwa, á fi ki ẹni tó wá dúpẹ́, tí olórin bá dá orin, onígángan á fi gángan gbè é, tí ẹni tó ń gbọ́ ò bá gbọ́ ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀, kò ní mọ nǹkan tí ìlù sọ. Crash tó bá ṣì ń han nígbà tí gángan bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀ ti bo gbólóhùn yẹn mọ́lẹ̀ nìyẹn. Àti ìparí ọ̀rọ̀ náà pàápàá, torí ìparí ẹsẹ orin ni àwa onílù máa ń fẹ́ lu crash, ibẹ̀ náà sì ni gángan ti máa ń fẹ́ sọ tiẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbé 16 yìí dé, ọmọkùnrin tó ń lu gángan wa yíjú sí mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe sí jáàsì lónìí, mò ń gbọ́ ara mi." Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju kí ẹnikẹ́ni yìn mí pé mo lù dáadáa lọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo náà, òkè lọ́hùn-ún ni ohùn tiwọn wà, crash tó nípọn á lọ bá wọn du àyè lókè yẹn, èyí tó fẹ́lẹ́ á fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Àmọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pé ó fẹ́lẹ́ nìkan tà á fún yín, torí irin tí kò dáa náà lè fẹ́lẹ́. Oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá lọ́jà. Èyí tí wọ́n ń pè ní B20 ni àkọ́kọ́, bàbà 80 nínú 100, tánganran 20. Òun ni Zildjian fi ń ṣe A àti K, òun ni Sabian fi ń ṣe AA, AAX àti HHX, òun náà ni Byzance tí Meinl ti Jámánì ń mú jáde, tó jẹ́ pé ilẹ̀ Tọ́kì ni wọ́n ti ń ṣe é. Irin yìí le láti ṣe, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á, wọ́n á mú un gbóná nínú iná kí wọ́n tó lè tẹ̀ ẹ́ fẹ̀, wọ́n á rì í sínú omi, wọ́n á wá fi òòlù lù ú, ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Ìdílé Zildjian ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti 1623 ní ìlú tí à ń pè ní Istanbul báyìí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ní Massachusetts, níbi tí ilé iṣẹ́ wọn wà títí dòní. Sabian náà, inú ìdílé kan náà ló ti jáde, Robert Zildjian ló dá a sílẹ̀ ní Kánádà lọ́dún 1981 lẹ́yìn tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pínyà. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jà lórí pé Zildjian ló dáa, Sabian ló dáa, ọmọ ìyá lẹ̀ ń fi wéra o.

Ìkejì ni B8, bàbà 92, tánganran 8. Èyí rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ kí wọ́n gé e róbótó, ó sì dínwó. Ọ̀pọ̀ símbálì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi í ṣe, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn fojú di í, torí 2002 tí Paiste ti Switzerland ti ń tà láti 1971, irin yìí kan náà ni, owó rẹ̀ sì ń dẹ́rù bani. Ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é ló kù.

Ìkẹta ni bàbà tí wọ́n pò mọ́ síńkì. Àwa ará Ifẹ̀ ò lè bú irú idẹ bẹ́ẹ̀, torí òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ lára àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, bàbà, síńkì àti òjé ni wọ́n pò pọ̀, ẹ wo bí ojú àwọn orí yẹn ṣe dán, ẹ wo ìlà tó wà níbẹ̀ bó ṣe mọ́ fínnífínní. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́wà lójú ni wọ́n ń ṣe, kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ kó dún. Tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ṣe símbálì, ohùn rẹ̀ máa ń kúrú, ó máa ń kú sára. Fún ọmọdé tó ń kọ́ṣẹ́ nílé, ó tó. Ẹ má gbé e lọ síwájú ìjọ.

Lọ́jọ́ tí mo lọ rà, mo gbé oríṣiríṣi sórí sítáǹdì kan náà, mo fi sítíìkì 5A (nọ́ńbà ìtóbi rẹ̀ nìyẹn) kan náà lù wọ́n. B8X Thin Crash ti Sabian wà níbẹ̀, 16 íǹṣì, tuntun. Fún iye tí wọ́n pè é, ó dáa gan-an, ó tètè tú, ohùn rẹ̀ mọ́, kò sì ṣòro lù. Ohun tó jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ni pé ohùn kan ṣoṣo ló ní, ẹ lù ú jẹ́jẹ́, ẹ lù ú kíkan, ohùn yẹn náà ni, ó kàn máa pọ̀ sí i ni. A Zildjian yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi orí sítíìkì kàn án létí, á mí sí yín bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá fi èjìká sítíìkì (ibi tó ti ń tóbi sí i lẹ́yìn orí rẹ̀) gé e, á tú yàà, láàárín méjèèjì oríṣi ohùn tó wà níbẹ̀ pọ̀, ọwọ́ yín ló máa pinnu èyí tó máa jáde. Fún èmi, ibẹ̀ yẹn ni owó tí mo fi lé e lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé owó B8X lẹ ní, ẹ ra B8X tó fẹ́lẹ́, ẹ má lọ fi owó kan náà ra símbálì tó nípọn torí orúkọ ńlá tó wà lára rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Rock sí lára, mi ò ní sọ ti ta ni. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fò. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ nípa rẹ̀ ṣá, kì í ṣe símbálì burúkú, ibi tí wọ́n ṣe é fún ni ò jọ ibi tí à ń gbé e lọ. Èyí tó burú ni ọ̀kan báyìí tí wọ́n fi yíǹkì kọ orúkọ sí, tí orúkọ náà ti ń bọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dán bí ojú rẹ̀, kò sí àpá òòlù kankan lára rẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ lóòótọ́, ó fẹ́lẹ́ débi pé mo fi ọwọ́ méjì tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀, kò sì padà tán. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi í sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lù ní Iléṣà ní Byzance Traditional Thin Crash, 18 íǹṣì, mo lọ gbọ́ ọ níbẹ̀ kí n tó pinnu, òun náà sì jẹ́ kí n lù ú dáadáa. Ohùn rẹ̀ ṣú ju ti A Zildjian lọ, ó gbóná, ó rọ̀. Tó bá jẹ́ pé orin ìjọsìn tó lọ́ra ló pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, òun ni mo máa ní kẹ́ ẹ wá, tàbí K Dark Thin ti Zildjian. Tiwa, orin ìyìn tó yára ló pọ̀, orin tí àwọn èèyàn ń jó sí, mo sì fẹ́ kí crash mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kó lè yọ láàárín gìtá. Ọ̀rọ̀ etí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá dé ọjà, ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ kan ń pè ní thin (tó fẹ́lẹ́), ó lè nípọn ju ohun tí ilé iṣẹ́ míì ń pè ní medium thin (tó fẹ́lẹ́ níwọ̀nba), kò sí òfin tó dè wọ́n. Ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ìwọ̀n kékeré oníbátìrì tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń lò, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ gbé e dání. Crash 16 íǹṣì tó fẹ́lẹ́ máa ń wọ̀n tó bíi kílò kan, ó lè dín díẹ̀, ó lè lé díẹ̀. Tó bá ti di kílò kan àti gíráàmù 300, kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín pé ó fẹ́lẹ́. Èyí tó jẹ́ 18 máa ń wà ní nǹkan bíi kílò 1.3 sí 1.4. Tẹ́ ẹ ò bá rí ìwọ̀n, ẹ fi ìka yín ti etí rẹ̀ díẹ̀, á mì lọ mì bọ̀ lábẹ́ ìka, èyí tó nípọn ò ní mira.

Ti tòkúnbọ̀ le díẹ̀ torí ẹlòmíì ti lù ú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, àwọn símbálì tó fẹ́lẹ́ sì rọrùn láti sán tí ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ le. Ẹ fi èékánná wọ́ etí rẹ̀ yípo pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ibi tí èékánná bá ti há, ẹ dúró, ẹ wò ó. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn, ibi tó bá sán, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ yọ. Ẹ wo ihò àárín, ó yẹ kó rí róbótó, tó bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, irin sítáǹdì ló jẹ ẹ́, ẹni tó lò ó kò fi rọ́bà sí i, tí ihò bá sì ti rí bẹ́ẹ̀ ẹ wo ìdí bẹ́ẹ̀lì (ibi tó wú sókè láàárín) dáadáa torí ibẹ̀ náà lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹ wo àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ara rẹ̀ po, ìsán máa ń fara pamọ́ sínú wọn, ó máa ń tọ ìlà yẹn lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wá lù ú jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ títí ohùn rẹ̀ fi tán, èyí tó sán máa ń ṣe jẹ̀ẹ̀ jẹ̀ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ kú. Ti A Zildjian, àmì orúkọ wọn wà tí wọ́n tẹ̀ wọnú irin, yàtọ̀ sí yíǹkì dúdú tí wọ́n fi kọ ọ́, yíǹkì lè parẹ́, èyí tí wọ́n tẹ̀ ò ní parẹ́. Ẹ fi ìka wá a.

Tó bá ku èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú, ẹ bẹ ẹlòmíì kó bá yín lù ú, kẹ́yin lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà tàbí ní òdìkejì títì. Ohun tí ẹni tó jókòó sídìí ìlù ń gbọ́, kì í ṣe òun ni ìjọ ń gbọ́, tó bá sún mọ́ etí yín á dà bíi pé ó pẹ́ kó tó kú, tẹ́ ẹ bá jìnnà díẹ̀ ẹ máa rí i pé ó ti tán. Ẹ má sì fi fóònù gbà á kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí olùdarí kọ́yà pé kó bá yín yàn. Fóònù máa ń tẹ ohùn ńlá mọ́lẹ̀, gbogbo símbálì á jọra nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè gbé hi-hat tàbí ride (símbálì ńlá tí à ń lù léraléra bí orin ṣe ń lọ) ti ṣọ́ọ̀ṣì yín dání, ẹ gbé e, ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé crash á dáa fúnra rẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá fi sáàárín àwọn ará ilé rẹ̀, á dá yàtọ̀ pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba èèyàn ni pé èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń fọ́. Ó lè fọ́ lóòótọ́, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n á so nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ le pinpin tí símbálì ò ní lè mira, wọ́n á gbé e dúró gbọọrọ, wọ́n á wá fi sítíìkì gbá a láti òkè bí ẹni ń gé igi. Irin wo ni ò ní sán? Ẹ tú nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀ kó lè fì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síhà ọ̀dọ̀ yín díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ẹ fi èjìká sítíìkì gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ kọjá lọ, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ dúró síbẹ̀. Fóòmù gbọ́dọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀, rọ́bà sì gbọ́dọ̀ wà lára irin sítáǹdì. Tí fóòmù bá sọnù, sílípáàsì tó ti gbó tí wọ́n gé róbótó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa epo náà ń ṣiṣẹ́, mo ń rí i káàkiri Ifẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí irin máa jẹ irin.

Tó bá wá sán, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Iná wẹ́dà máa pa agbára tí wọ́n fi iná, omi àti òòlù fi sára irin yẹn, ìyókù tí kò sán pàápàá á kú. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n fi dírììlì lu ihò kékeré sí ibi tí ìsán parí sí kó má bàa lọ síwájú mọ́, tàbí kí wọ́n gé ibẹ̀ kúrò kí wọ́n sì rẹ́ etí rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á yàtọ̀ díẹ̀ àmọ́ ẹ ṣì máa lò ó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, omi àti ọṣẹ díẹ̀, aṣọ tó rọ̀, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Ẹ má fi yanrìn, ẹ má fi eérú, bí àwọn ẹgbẹ́ ìmọ́tótó bá fẹ́ bá yín dán an fún ọdún ìkórè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé símbálì yín pamọ́.

Ibi tí crash tó fẹ́lẹ́ ò ti tó wà, mi ò ní fi pamọ́. Ìpàgọ́ òde, pápá gbalasa, kúrúséédì tí sípíkà ti ga bí ilé, tí wọn ò sì gbé máìkì sórí dúrọ́ọ̀mù, èyí tó jẹ́ 16 máa rì, ẹ máa lù ú títí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni 18 ti wúlò. Ó fẹ́lẹ́ bíi ti 16, ó ṣì ń tètè tú, àmọ́ torí pé ó fẹ̀ jù ú lọ, afẹ́fẹ́ tó ń tì pọ̀, ohùn rẹ̀ pọ̀, ó sì wálẹ̀ sí i. Mo lù ú ní ìta gbangba níbi ayẹyẹ ìdúpẹ́ kan, ó yọ láàárín gìtá báàsì àti kíbọọ̀dù, kò sì gún ẹnikẹ́ni létí. Tí máìkì bá wà lórí dúrọ́ọ̀mù, bóyá nínú gbọ̀ngàn ńlá bíi Oduduwa Hall ní OAU, kò sí ìdí kankan láti gbé irin tó nípọn, ẹ̀rọ ló máa ṣe iṣẹ́ ariwo.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù yẹn, ohun tí wọ́n lè tún ṣe ni pé wọn ò ní rọ́bà sítáǹdì àti fóòmù nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kékeré ni owó rẹ̀, ẹni tó ra símbálì olówó gọbọi ò yẹ kó tún máa wá rọ́bà káàkiri Ọjà Tuntun. Wọn ò sì ní báàgì, inú páálí ni mo gbé wọn wálé, mo fi aṣọ sáàárín wọn kí wọ́n má bàa ha ara wọn. Yàtọ̀ síyẹn, wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè, a jọ nájà rẹ̀, wọ́n já a wálẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi láìbéèrè pé èyí tó jẹ́ 18 ní ibì kan tó ti ṣá díẹ̀ létí, mo fi èékánná wò ó, kò há, kò sán, a tún yọ díẹ̀ kúrò lórí owó rẹ̀.

Tó bá jẹ́ owó ẹyọ kan péré ni ṣọ́ọ̀ṣì yín ní, tí ilé ìjọsìn yín kéré, 16 ni kẹ́ ẹ mú. Tí ilé bá tóbi, tàbí tẹ́ ẹ bá máa ń jáde lọ lu òde, ẹ mú 18, kẹ́ ẹ fi 16 kún un nígbà tówó bá tún dé. Mo gbọ́ pé àwọn ẹrù mìíràn ń bọ̀ sí Lágéré kó tó di ìkórè, ẹni tó bá fẹ́ kí á jọ lọ, kó sọ, màá gbé ìwọ̀n dání.